Bí a ṣe ń rọ íńkì sínú kátíríìjì, àti ohun tí a ń ṣe nígbà tí ihò rẹ̀ bá dí

Kí ẹ tó fa íńkì kankan sínú sírínjì, ẹ tẹ ewé àyẹ̀wò jáde ná. Nozzle Check ni wọ́n sábà máa ń pè é nínú ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ìlà tó bá sọnù lórí ewé yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá íńkì ló tán, afẹ́fẹ́ ló wọlé, ihò tíntìntín tí íńkì ń gbà jáde ló gbẹ, tàbí hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn apá tí àwọn ihò yẹn wà lára rẹ̀, ló ti jóná. Lójú ẹni tó kàn ń wo ìwé tó jáde ní ṣíṣá, ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìtọ́jú wọn ni kò jọra rárá. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wo ewé yìí á máa fọ hẹ́ẹ̀dì tí kò dọ̀tí, á máa rọ íńkì sínú kátíríìjì tó ti kú, á sì ju èyí tó ṣì dára nù.

Irú ẹ̀rọ tí ẹ ní

Ẹ yọ kátíríìjì, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí pátákó pẹlẹbẹ kan tó ń dán níbẹ̀, tí àwọn ojú bàbà wẹ́wẹ́ sì tò sí ara rẹ̀ lápá kan, a jẹ́ pé ara kátíríìjì ni hẹ́ẹ̀dì wà. Bẹ́ẹ̀ ni HP 123, 650 àti 652 rí, bẹ́ẹ̀ náà ni Canon PG-445 àti CL-446. Ooru ni irú hẹ́ẹ̀dì yìí fi ń ṣiṣẹ́. Iná máa ń mú kí èròjà tíntìntín kan gbóná kọjá 300°C láàárín ìgbà tí ojú kò lè tètè rí, íńkì tó fara kàn án á hó, ìfófòó náà á sì ti ẹ̀kán íńkì jáde gba ojú ihò tó kéré sí irun orí. Íńkì kan náà ló ń mú èròjà yẹn tutù. Nítorí náà, títẹ ìwé lọ nígbà tí kátíríìjì ti gbẹ ló ń jó hẹ́ẹ̀dì ju ohunkóhun lọ. Gbàrà tí ìwé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ẹ dá a dúró, kí ẹ rọ íńkì sí i nígbà tí fóòmù tó ń mu íńkì nínú rẹ̀ ṣì rin.

Ti Epson yàtọ̀. Nínú L3110, L3150 àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn, táǹkì ni ẹ ń da íńkì sí, hẹ́ẹ̀dì sì wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Kì í lo ooru: èròjà kan tó máa ń tẹ̀ nígbà tí iná bá kàn án ló ń ti íńkì jáde. Hẹ́ẹ̀dì yìí máa ń pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́, owó rẹ̀ máa ń wọ́n débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn á kúkú ra ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ fi ọwọ́ ẹ̀lẹ̀ mú un.

Íńkì àti irinṣẹ́

Oríṣi íńkì méjì ló wà, a sì sábà máa ń kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀: dye, tó yọ́ pátápátá sínú omi rẹ̀, àti pigment, tí èròjà rẹ̀ jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tó léfòó sínú omi. Dúdú HP 123, 650 àti 652 pẹ̀lú ti Canon PG-445 jẹ́ pigment. Àwọ̀ mẹ́ta tó kù jẹ́ dye. Lórí Epson L3110, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ dye. Bí ẹ bá rọ dye dúdú sínú kátíríìjì tó ti gba pigment rí, méjèèjì lè bára wọn jà, kí wọ́n dì bí wàrà tó bàjẹ́, ihò á sì dí ní ibi tí omi kankan kò lè là á mọ́. Bí kò bá sí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, ẹ kán omi sórí ìwé tí wọ́n ti fi íńkì náà tẹ̀ tó sì ti gbẹ dáadáa. Dye á ṣàn, pigment á fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ìgò tí ẹni tó ń tà á ní «ó dára fún gbogbo ẹ̀rọ» kò yẹ kó wọ inú kátíríìjì dúdú yín. Íńkì sublimation, èyí tí wọ́n ń lò fún kọ́ọ̀bù àti aṣọ, kò gbọ́dọ̀ dé tòsí rẹ̀ rárá.

Irinṣẹ́ tó kù kò wọ́n. Sírínjì 5 mílílítà kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ọ̀kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀. Abẹ́rẹ́ 21G, èyí tí ìdí rẹ̀ máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé ní ilé ìtajà oògùn, gùn tó, ó sì fẹ̀ tó. Ẹ tún wá tíṣù tí kì í ya wẹ́wẹ́, igi ìtayín, ìbọ̀wọ́, téèpù, ọtí isopropyl díẹ̀ fún ojú bàbà, àti omi dísítíìlì. Omi dísítíìlì náà ni àwọn tó ń tọ́jú bátìrì ọkọ̀ ń lò, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike náà dáadáa, torí áásìdì bátìrì máa ń wà lórí àtẹ kan náà, irú ike kan náà ni wọ́n sì máa ń rọ ọ́ sí. Omi kànga, omi ẹ̀rọ àti pure water inú ọ̀rá kò ṣeé lò. Wọ́n lè mọ́ fún mímu, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú ilẹ̀ wà nínú wọn, ó sì máa ń ṣẹ́ kù sójú ihò nígbà tí omi bá gbẹ tán.

Rírọ íńkì dúdú

1. Ẹ ká tíṣù ní ìṣẹ́po mẹ́rin, kí ẹ gbé kátíríìjì lé e, kí ojú ihò rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀.

2. Ẹ ṣí bébà tó lẹ̀ mọ́ òkè rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, láti igun kan. Ẹ má jù ú nù. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ihò wà, pẹ̀lú àwọn ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

3. Dúdú kò ní ju yàrá kan lọ, nítorí náà ihò tó bá já sínú fóòmù ni kí ẹ lò. Bí abẹ́rẹ́ bá kọ́ lára ike, ihò yẹn kò jinlẹ̀, ẹ bọ́ sí èkejì. Ihò Canon máa ń kéré. Ẹ lè fi orí ìlu yí i díẹ̀ kó fẹ̀, kí ẹ sì gbọn èérún ike rẹ̀ sóde, kó má bọ́ sínú.

4. Ẹ fa íńkì mílílítà 5, ẹ kọ orí abẹ́rẹ́ sókè, kí ẹ ti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

5. Ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ inú fóòmù títí dé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ pátápátá: àwọ̀n tín-ínrín kan wà níbẹ̀ tó ń sẹ́ íńkì kó tó dé hẹ́ẹ̀dì, bí ẹ bá lù ú, ìdọ̀tí á máa kọjá sí ihò láti ọjọ́ yẹn lọ.

6. Ẹ tẹ sírínjì díẹ̀díẹ̀, mílílítà 1 láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sì máa fa abẹ́rẹ́ sókè bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ibi ìgbésẹ̀ kẹfà yìí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Fóòmù nílò àkókò láti mu íńkì. Bí ẹ bá fi agbára tì í, íńkì á gba ẹ̀gbẹ́, á sì há afẹ́fẹ́ mọ́ àárín. Kátíríìjì á wúwo lọ́wọ́ yín bí èyí tó kún, síbẹ̀ ewé mẹ́ta péré lẹ ó tẹ̀ kó tó ṣá. Kátíríìjì kékeré máa ń gba mílílítà 4 sí 5, XL, ìyẹn èyí tó tóbi, lè gbà tó 10, ṣùgbọ́n ojú yín ni kí ẹ gbọ́ ju nọ́ńbà lọ: bí íńkì bá ti ń dán lẹ́nu ihò, ó ti tó. Bó bá rú jáde, ẹ fa bíi ìdajì mílílítà padà.

Ẹ fi í sílẹ̀ lórí tíṣù fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà ẹ mú tíṣù tuntun, kí ẹ tẹ ojú ihò mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú àáyá 3, láì fà á, láì nù ún. Ìlà dúdú tó ṣe kedere gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ wá lẹ bébà rẹ̀ padà sórí ihò. Bí bébà náà bá ti ya, téèpù á ṣe é, àmọ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ojú kan lórí rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá ríbi wọlé, íńkì kò ní lè jáde.

Àwọ̀ mẹ́ta

Yàrá mẹ́ta ló wà nínú kátíríìjì aláwọ̀, ètò wọn lórí HP sì yàtọ̀ sí ti Canon. Ẹ má tẹ̀ lé àwòrán tí wọ́n yà fún kátíríìjì mìíràn. Ẹ ki igi ìtayín tuntun bọ ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi orí rẹ̀ kan tíṣù funfun: sáyánì, mágẹ́ńtà tàbí yẹ́lò á fara hàn, ẹ sì fi bírò kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà kí ẹ tó fọwọ́ kan sírínjì.

Mílílítà 1.5 sí 2 tó fún yàrá kọ̀ọ̀kan nínú kátíríìjì kékeré, 3 fún XL. Àkúnya ni ọ̀tá níhìn-ín. Bí yàrá kan bá rú jáde, íńkì rẹ̀ á ṣàn gba orí lọ sí ihò èkejì, yẹ́lò ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà: á di àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ọsàn. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ máa tẹ ojú ihò mọ́ tíṣù tuntun léraléra títí ìlà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra á fi hàn, kí ẹ sì tẹ àwòrán kan tó kún fún yẹ́lò jáde. Ìdọ̀tí tó bá ti dé inú fóòmù yẹ́lò kò ní tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n á máa dín kù.

Lẹ́yìn rírọ, ẹ̀rọ á ṣì máa sọ pé íńkì ti tán. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa: iye ẹ̀kán tó ti jáde ni ó ń kà, kò mọ̀ pé ẹ ti fi kún un. Lórí HP, ẹ tẹ OK kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Lórí Canon, ẹ tẹ bọ́tìnì Stop mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 ó kéré tán, á sì yé ka íńkì kátíríìjì yẹn. Bí ẹ̀rọ bá ní òun kò dá kátíríìjì mọ̀, ẹ fi aṣọ tí kò ní ẹ̀hún, tí ẹ fi isopropyl rin díẹ̀, nu ojú bàbà rẹ̀ àti èyí tó kọjú sí i nínú ẹ̀rọ, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú 5. Ṣùgbọ́n òfìfo kátíríìjì HP tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè má ṣiṣẹ́ láéláé: bí ètò Cartridge Protection bá wà ní títàn lórí ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ lò ó, ẹ̀rọ yẹn nìkan ni yóò máa bá ṣiṣẹ́.

Kíka ewé àyẹ̀wò

Ẹ tẹ ewé méjì jáde tẹ̀ léra, kí ẹ fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ewé kan ṣoṣo kò tó.

Bí àlàfo bá wà níbì kan lórí ewé àkọ́kọ́, tó sì kúrò lọ síbòmíràn lórí ewé kejì, afẹ́fẹ́ ni. Kò sí ohun tó dí. Ìsinmi ni oògùn rẹ̀: ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú, ìfófòó náà á gbéra kúrò fúnra rẹ̀. Fífọ̀ nírú àkókò yìí kàn ń fa afẹ́fẹ́ sí i ni.

Bí ìwé bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa lókè, tó ń ṣá lọ sí ìsàlẹ̀, tó sì tún dára lẹ́yìn ìsinmi, íńkì wà, ọ̀nà rẹ̀ ni kò já gaara. Ẹ wo ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ lábẹ́ bébà tàbí téèpù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ti lẹ̀ ẹ́ pa.

Bí àlàfo bá dúró sójú kan náà lórí ewé méjèèjì, íńkì ti gbẹ sẹ́nu ihò, tàbí kí èròjà ooru ibẹ̀ ti jóná. Omi ló máa fi ìyàtọ̀ hàn. Lẹ́yìn rírẹ, àlàfo tó gbẹ máa ń dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Èyí tó jóná kì í yí padà, kódà bí ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá dúdú kirikiri. Ẹ rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí a ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀ lábẹ́ «Lílà ihò HP àti Canon». Bí àlàfo kan náà bá ṣì dúró gbọnyin, kátíríìjì yẹn ti lọ, ẹ má fi íńkì ṣòfò lé e lórí.

Ìlà tó pé ṣùgbọ́n tó tẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ kò ní í ṣe pẹ̀lú ihò dídí. Ètò Alignment, èyí tó ń to hẹ́ẹ̀dì sójú ìlà, ni kí ẹ lò fún un.

Lílà ihò HP àti Canon

Ẹ gbé omi dísítíìlì gbóná díẹ̀, bíi 50 sí 60°C, ìyẹn omi tí ọwọ́ yín kò lè pẹ́ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò hó. Ẹ bù ú sínú àwo pẹlẹbẹ, kó má jìn ju mìlímítà 3 lọ. Ẹ gbé kátíríìjì sínú rẹ̀ kí ojú ihò nìkan kan omi. Ẹ má jẹ́ kí omi gun dé orí ojú bàbà. Ìṣẹ́jú 2 tó fún dye. Pigment lè gba 5. Ẹ máa rí íńkì tó ń já bọ́ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sínú omi.

Ẹ gbé e jáde, ẹ gbẹ ojú bàbà, kí ẹ sì tẹ ojú ihò mọ́ tíṣù bí ti àtẹ̀yìnwá. Bí ìlà rẹ̀ bá já níbì kan, ẹ tún un ṣe. Fún pigment tó gan gbagidi, ẹ rin tíṣù pẹ̀lú omi náà, ẹ gbé kátíríìjì lé e, ẹ fi ọ̀rá bò ó, ó di òwúrọ̀. Bí èyí kò bá tó, omi ìfọhẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta íńkì fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú ló kàn. Ẹ má lo ásítóònù, kẹrosíìnì, epo bẹntiróò tàbí jíìkì. Ásítóònù ń tú gọ́ọ̀mù tó di pátákó ihò mú, jíìkì ń jẹ irin rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń fi abẹ́rẹ́ tú ojú ihò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Kò sí abẹ́rẹ́ tó kéré tó ihò yẹn.

Epson

Lórí L3110, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tẹ bọ́tìnì ìdádúró mọ́lẹ̀, kí ẹ sì tàn án: ewé àyẹ̀wò á jáde. Láti fọ hẹ́ẹ̀dì, nígbà tí ẹ̀rọ wà ní títàn, ẹ tẹ bọ́tìnì kan náà fún ìṣẹ́jú àáyá 5 títí iná á fi máa ṣẹ́jú. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàyẹ̀wò, kí ẹ tó tún un fọ̀. Bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tó. Bí kò bá ṣí, ẹ pa á fún wákàtí 12, kí ẹ tó tún gbìyànjú.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ni pé gbogbo íńkì tí fífọ̀ ń fà jáde ń lọ sínú fóòmù kan nísàlẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń ka iye rẹ̀. Nígbà tó bá ní ó ti kún, yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹni tó ń fọ hẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́ ń yára mú ọjọ́ yẹn sún mọ́ tòsí. Power Cleaning wà fún ìgbà tí gbogbo èyí bá kùnà: ẹ má tẹ̀ ẹ́ àyàfi bí táǹkì kọ̀ọ̀kan bá ní íńkì tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta, torí ó ń fa íńkì púpọ̀, afẹ́fẹ́ á sì wọ inú ọ̀pá bí táǹkì bá gbẹ.

Bó bá ṣì dí, ẹ yọ wáyà iná. Ẹ ká tíṣù nípọn díẹ̀, ẹ fi omi ìfọhẹ́ẹ̀dì rin ín, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ojú ọ̀nà tí hẹ́ẹ̀dì ń gbà, kí ẹ rọra sún hẹ́ẹ̀dì wá sórí rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ sún, ó ti tì ara rẹ̀ sí ibùsùn rẹ̀, ìyẹn ibi tó máa ń sinmi sí lápá ọ̀tún. Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ fa wáyà yọ nígbà tí hẹ́ẹ̀dì bá ti bọ́ sí àárín. Wákàtí 2 sí 3 lórí tíṣù yẹn máa ń tú èyí tó pọ̀ jù. Ní àkókò yẹn, ẹ fi tíṣù rírin nu rọ́bà ibùsùn hẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú. Bí etí rọ́bà yẹn bá dọ̀tí, kò ní lè bo hẹ́ẹ̀dì, kò sì ní lè fa íńkì nígbà fífọ̀. Ẹ má fi sírínjì ti omi gba hẹ́ẹ̀dì Epson pẹ̀lú agbára. Ohun tí ń tẹ̀ nínú rẹ̀ lè sán.

Iná àti ọyẹ́

Ohun tó ń gbẹ ihò jù lọ́dọ̀ wa ni iná tó lọ láàárín iṣẹ́. Hẹ́ẹ̀dì á dúró sí àárín ojú ọ̀nà, láìní ìbòrí, títí iná á fi dé. Bó bá jẹ́ àkókò ọyẹ́, wákàtí díẹ̀ ti tó fún pigment láti gan. Ẹ fi ẹ̀rọ sórí UPS tàbí ínfátà kí ó lè rí àyè padà sí ibùsùn rẹ̀. Bọ́tìnì ara ẹ̀rọ ni kí ẹ sì máa fi pa á, kì í ṣe ti ara ògiri, torí bọ́tìnì yẹn ló ń sọ fún hẹ́ẹ̀dì pé kó lọ bo ara rẹ̀.

Ẹ máa tẹ ewé kan tó ní àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì nígbà ọyẹ́. Kátíríìjì tí ẹ bá yọ sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ gbé e sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú tíṣù tí ẹ fi omi dísítíìlì rin, kí tíṣù náà má fara kan ojú ihò, torí bó bá kàn án, fóòmù á máa fa íńkì jáde títí á fi gbẹ.